Ìyá Iná-Kejì àti Àpótí Tí Wọ́n Dí Létí

"Àǹtí, ta ló dí i létí?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Jẹ́jẹ́ nígbà tó bèèrè ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń yí i kiri lẹ́nu kó tó lè bọ́ síta. Kì í ṣe ọmọ tó máa ń bèèrè nǹkan. Orúkọ rẹ̀ gan-an yàtọ̀, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé tó bá wọ yàrá, àfi kéèyàn yíjú kó tó mọ̀ pé ẹnì kan ti wọlé. Bí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè, á kọ́kọ́ wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí.

Ẹni tó bi ní ìbéèrè náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, obìnrin tó ń tọ́jú wáyà kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Orí ilẹ̀ ni Àǹtí jókòó sí lọ́jọ́ náà, nínú yàrá tóóró kan tí kò ní fèrèsé, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ lórí itan rẹ̀, ọwọ́ kan lẹ́nu. Ó gbọ́ ìbéèrè náà. Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé ó gbọ́, torí ọwọ́ tó fi bo ẹnu tún le mọ́ ọn lẹ́nu sí i. Ṣùgbọ́n kò dáhùn. Ó dìde, ó gbọn eruku ìdí rẹ̀ nù, ó ní, "Jẹ́ ká lọ wo ìyá ẹ."

Ọdún méje ni ìdáhùn yẹn fi wà lọ́nà.

Àǹtí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìrọ̀rùn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún wáyà tẹlifóònù ṣe ló ti bẹ̀rẹ̀, òun nìkan sì ni obìnrin láàárín ọkùnrin mọ́kànlá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá wò ó láti orí délẹ̀, ó ní, "Ìwọ yìí, ṣé o lè gun àkàbà?" Ó fèsì pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ̀yin náà á rí i." Àwọn ọkùnrin tó kù bú sẹ́rìn-ín, nítorí kò sẹ́ni tó rán ọ̀gá níṣẹ́ rí. Ọ̀gá di àkàbà mú. Kí wọ́n tó parí ẹ̀rín, obìnrin náà ti dé òkè, ó ti so okùn, ó ti ń bèèrè pé kí wọ́n na wáyà sí òun.

Nígbà tó yá, tẹlifóònù onílà kógbá sílé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin mọ́kànlá náà sì bá a kógbá sílé. Àǹtí ní tirẹ̀ ra ìwé, ó jókòó tì í, ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó máa ń sọ pé wáyà ni wáyà ń jẹ́, pé ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń yí padà. Yàrá méjì ló ń gbé lẹ́yìn ìsọ̀ aránṣọ kan, ó sì to irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí bí eyín ṣe tò sí ẹnu: bí ọ̀kan bá kúrò, àlàfo rẹ̀ á hàn. Awò ojú rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà gbogbo. Àjákù wáyà aláwọ̀ búlúù ló fi so ó.

Ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀. Wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn wà lókè, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà nísàlẹ̀, ilé ìfọṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpótí irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní suwíìṣì. Orítà ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti inú kọ̀ǹpútà kan lọ sínú òmíràn, ibẹ̀ ló ti ń yà síbi tó ń lọ. Ihò pọ̀ níwájú rẹ̀, iná kékeré kan sì wà lára ihò kọ̀ọ̀kan.

Láti àpótí ilé kan sí ti ilé kejì, okùn onígíláàsì méjì ló gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, tín-ín-rín bí irun orí. Àǹtí ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Jẹ́jẹ́ rí lórí tábìlì oúnjẹ, ó fi fọ́ọ̀kì méjì ṣe àpẹẹrẹ. "Okùn kìíní ni ẹnu. Okùn kejì ni etí. Ibi tí èmi ń gbà sọ̀rọ̀ kọ́ ni mò ń gbà gbọ́." Ó wá sọ èyí tó gbọ́n jù níbẹ̀. Iná kékeré tó wà lára ihò, etí ló ń wò. Bí okùn etí bá dára, iná á máa tàn ní àwọ̀ ewé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn ẹnu ti já sí méjì nínú ilẹ̀. Àpótí á máa sọ̀rọ̀ lọ ràì, kò ní mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ òun.

"Bíi Bọ̀dá onífíìmù àdúgbò yín, tó ń sọ̀rọ̀ lọ láìwo ẹni tó ń gbọ́," ni ìyá Jẹ́jẹ́ sọ, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

"Bíi tiẹ̀ gan-an," ni Àǹtí dáhùn. "Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe àpótí náà gbọ́n. Tí tọ̀hún kò bá gbọ́ tibí mọ́, á fi okùn tirẹ̀ tó ṣì dára ké padà pé, 'Mi ò gbọ́ ẹ o!' Tibí bá gbọ́ igbe yẹn, á pa iná rẹ̀, á sì gba ọ̀nà kejì." Ọ̀nà kejì wà ní ilé ìwòsàn náà lóòótọ́. Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ló gbà.

Ọ̀rọ̀ orí tábìlì nìyẹn. Kò pẹ́ sígbà náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ìyá Jẹ́jẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi Àǹtí ló bọ́ sí. Bàbá Jẹ́jẹ́, tó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù, wà ní ọ̀nà jíjìn, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sílé. Nítorí náà, Àǹtí ló gbé àbúrò rẹ̀ àti ọmọ sínú mọ́tò, ó sì wà á lọ sí ilé ìwòsàn, bí aláìsàn ṣe ń fi eyín ha ètè. Àwọn dókítà tẹ ikùn rẹ̀, wọ́n wo ara wọn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní nǹkan kan ti fẹ́ bẹ́ nínú rẹ̀, pé òun máa là á lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun kò ní fi abẹ kàn án láìjẹ́ pé òun rí èsì ẹ̀jẹ̀. Ní aago méjì ọ̀sán, ó gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn tí wọ́n ti ń dúró dè é, kò sì ní padà títí di ọjọ́ kejì.

"Bí èsì bá dé kó tó lọ, kò séwu," ni nọ́ọ̀sì àgbà sọ fún Àǹtí. "Bí kò bá dé..." Kò parí rẹ̀. Ó fa aṣọ ìbora sókè lára ìyá Jẹ́jẹ́, ó tún un fà sókè lẹ́ẹ̀kejì.

Aago mẹ́wàá lù, èsì kò dé. Aago mọ́kànlá lù. Nọ́ọ̀sì àgbà ń lọ síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń bọ̀. Ó gbé fóònù orí tábìlì láti pe ilé àyẹ̀wò, kò ròkè, kò rodò, nítorí ọ̀nà kan náà ni fóònù ń gbà. Ó rán òṣìṣẹ́ kan lọ sísàlẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà padà dé, ó ń mí hẹlẹ.

"Wọ́n ní ó ti lọ, mà."

"Ó ti lọ síbo?"

"Wọ́n ní àwọn ti fi ránṣẹ́ látàárọ̀. Wọ́n ní kí ẹ wò ó dáadáa."

"Kí n wò ó dáadáa? Ṣé wọ́n rò pé ojú tí mo fi ń wo abẹ́rẹ́ ti fọ́ ni? Padà lọ sọ fún wọn pé a ò rí nǹkan kan!"

Ó padà lọ, ó padà dé. "Wọ́n ní ó ti lọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a yí. Àwọn ti òkè gbà pé ọ̀lẹ ni àwọn ti ìsàlẹ̀, àwọn ti ìsàlẹ̀ gbà pé àwọn ti òkè kò mọ kọ̀ǹpútà lò. Láàárín wọn, ìyá Jẹ́jẹ́ dùbúlẹ̀, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, kò sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí omijé òun.

Nígbà tí Àǹtí gbọ́ "ó ti lọ" lẹ́ẹ̀kẹta, aago kan ti kọjá. Ó gbé awò rẹ̀ sójú. "Ohun tó ti kúrò nílé tí kò dé oko," ló wí, "ọ̀nà lèèyàn ń lọ wò." Ó ṣí àpótí irin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù. Iná ihò tó lọ sí ilé àyẹ̀wò ti kú fin-ín. Ó fa Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ó-Ti-Lọ ló ń bójú tó ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò, orúkọ yẹn sì ti mọ́ ọn lára kí ọjọ́ yìí tó dé. Ó ti ṣetán fún ìjà. "Màmá, ẹ káàbọ̀, ẹ wá fi ojú ara yín rí i!" Ó ṣílẹ̀kùn yàrá tóóró náà gbàgà. "Iná wa rèé, ó ń tàn! Ewé tútù ni! Ọ̀dọ̀ àwọn arábìnrin yẹn ni wàhálà wà."

Lóòótọ́, iná náà ń tàn. Ó mọ́lẹ̀, ó dúró, ó dára lójú. Àǹtí dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni tó rí irọ́ tó wọ aṣọ funfun.

"Mú bírò," ló sọ.

"Mà?"

"Mú bírò. Kọ èsì ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi sórí ìwé. Buwọ́ lù ú, kí o lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn."

"Ṣùgbọ́n ó ti lọ, Mà—"

"Mo mọ̀ pé ó ti lọ! Dídé ni mò ń wá."

Ọkùnrin náà kọ ọ́. Àǹtí lóṣòó, títí ojú rẹ̀ fi bá ojú Jẹ́jẹ́ dọ́gba. "Ṣé o lẹ́sẹ̀?"

Jẹ́jẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa. Fi fún nọ́ọ̀sì àgbà. Lọ́wọ́ o, má fi sórí tábìlì. Kó kà á lójú ẹ. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti rí i. Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kí o sáré padà wá sọ fún mi. Tí o kò bá padà wá, mi ò ní mọ̀."

Jẹ́jẹ́ sáré. Òkè náà ga, bàtà rẹ̀ kan bọ́ lẹ́sẹ̀ níwájú ilé ìfọṣọ, kò sì yíjú wò ó. Nígbà tó dé wọ́ọ̀dù, èèyàn ti yí tábìlì nọ́ọ̀sì àgbà ká, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà." Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹfọn lọ. Aago ara ògiri ń sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kí aago méjì lù. Ní ẹnu ọ̀nà, dókítà oníṣẹ́ abẹ ti bọ́ aṣọ funfun, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ na ìwé náà sókè, ó figbe ta. "Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi rèé!"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíjú sí i. Wọ́n yà sí méjì fún un bí ẹni pé ìyàwó tuntun ló ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà gba ìwé náà, ó kà á, ó tún un kà. "Mo ti rí i," ló wí, "mo ti rí i, ọmọ dáadáa," ó sì na ìwé náà sí dókítà. Dókítà kà á lórí ìdúró. Ó wo aago. Ó dá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò padà sápò. "Ẹ gbé e wá," ló wí.

Jẹ́jẹ́ sọ̀ kalẹ̀ padà pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan. Ó ti to ọ̀rọ̀ tó máa sọ sílẹ̀ lọ́nà: wọ́n ti gbà á, ó kà á lójú mi, dókítà kò lọ mọ́. Ó sọ ọ́ tán ní ẹnu ọ̀nà yàrá tóóró náà. Àǹtí pa ojú dé, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "O ṣeun. O ṣeun, ọmọ mi." Ó sì yíjú padà sí kọ̀ǹpútà orí itan rẹ̀, níbi tí ó ti ń ka ìlànà tó wà nínú àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí ìlà kan. Ìka rẹ̀ dúró.

"Látàárọ̀ ni tòkè ti ń ké," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Ó ń ké pé òun kò gbọ́. Èyí ni kò fetí sí i. Wọ́n ti sọ fún un pé kó má fetí sí i."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà yẹn ni Jẹ́jẹ́ bèèrè ìbéèrè rẹ̀, ìgbà yẹn ni kò sì rí ìdáhùn gbà. Ṣùgbọ́n kí Àǹtí tó dìde, ó tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, iná aláwọ̀ ewé tó ti ń tàn látàárọ̀ sì kú lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ fi là. Ó-Ti-Lọ tún fi gbogbo èsì ọjọ́ náà ránṣẹ́, mẹ́tàlélógójì, gbogbo rẹ̀ sì ya lu kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù bí ọmọ ilé ìwé tí aago ìtúsílẹ̀ lù fún. Jẹ́jẹ́ rí nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Àǹtí na ọwọ́ sábẹ́ àpótí náà, ó ṣí ìwé pélébé aláwọ̀ òféfèé kan kúrò lára rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi sínú ilé awò ojú rẹ̀.

Wọ́n la ìyá Jẹ́jẹ́, ó sì yè. Dókítà ní ká ní ó di ọjọ́ kejì ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ. Wọ́n rí ibi tí okùn ti já náà. Bàbá tó ń tọ́jú òdòdó ti gbẹ́lẹ̀ láàárọ̀ láti gbin igi, ọkọ́ rẹ̀ sì ha okùn kan, ó fi ìkejì sílẹ̀.

"Gbòǹgbò ni mo gé!" ni bàbá náà ń pariwo. "Èmi ò fọwọ́ kan wáyà ẹnikẹ́ni."

"Bàbá, gbòǹgbò wo ló ní gíláàsì nínú?" ni Àǹtí bi í.

"Ayé ti yí padà, ìyá. Àwọn igi ìsinsìnyí, ta ló mọ ohun tí wọ́n ń jẹ?"

Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni Àǹtí ti bẹ̀rẹ̀ àṣà kan tí kò ní tẹ́lẹ̀. Bó bá ti wo iná níbi kan, kì í torí ìyẹn fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́. Á pe ẹni tó wà ní ìparí okùn náà, á ní kó lọ dúró níwájú àpótí tiwọn, kó sọ ohun tó rí. Láràárọ̀, kó tó mu tíì, á rìn yí gbogbo ilé ìwòsàn po. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìyá Iná-Kejì, wọ́n sì ń ti ojú fèrèsé pè é.

"Ìyá Iná-Kejì! Iná wa ń tàn o!"

"Àwọ̀ wo?"

"Àwọ̀ ewé!"

"Ṣé ó dúró ni àbí ó ń ṣẹ́jú?"

"Ó ń ṣẹ́jú sí mi bí ọmọge! Ẹ wá gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀, mo ti níyàwó nílé!"

Àwọn kan ń bínú sí i, wọ́n ní àyẹ̀wò ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń sọ di wákàtí kan. Ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín ọdún méje ni ó rí okùn tó já kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí Jẹ́jẹ́ kò lóye ni pé Àǹtí kì í gba ọpẹ́. Ní gbogbo ọdún, tí ọjọ́ náà bá yí po, Jẹ́jẹ́ á kọ káàdì kékeré sí i. Àǹtí á kà á, á ní, "Ẹsẹ̀ ẹ ni kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló lọ." Bí bàbá Jẹ́jẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n ní ìyàwó nílé," Àǹtí á rántí pé òun gbé omi kaná. Ìyá Jẹ́jẹ́ nìkan ni kì í bá a jà lórí rẹ̀. Á kàn gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí tábìlì, á sì bá a sọ nǹkan mìíràn.

Ọpẹ́ tí Jẹ́jẹ́ ní láti dú sì ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà ìsinmi ilé ìwé, ó máa ń tẹ̀ lé Àǹtí lẹ́nu iṣẹ́. Òun ni ẹni tó ń lọ dúró ní ìparí okùn, òun ló ń sọ iná kejì. Ní àkọ́kọ́, ó máa ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú fóònù. Àǹtí á ní, "Mi ò gbọ́ ẹ." Á tún un sọ. "Mi ò gbọ́ ẹ. Má bínú sí mi, má sì bínú sí ara ẹ. Ẹni tí kò gbọ́ tó dákẹ́, òun gan-an ló ń da nǹkan rú." Lọ́jọ́ kan ní kíláàsì, olùkọ́ ìṣirò ń sọ̀rọ̀, ó kọjú sí pátákó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ inú ògiri lọ. Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbọ́." Olùkọ́ yíjú padà, ẹnu yà á. Ọmọ mẹ́jọ mìíràn sọ pé àwọn náà kò gbọ́. Látìgbà náà, Jẹ́jẹ́ kì í ké ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àkókò tó fún Àǹtí láti fẹ̀yìn tì. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ kóra jọ ní ọjọ́ Ẹtì láti kí i, wọ́n sì ní kí Jẹ́jẹ́ kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní ṣókí, kó sì kà á. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó kọ nípa àkàbà, nípa fọ́ọ̀kì méjì orí tábìlì, nípa ọmọge tó ń ṣẹ́jú. Ní ìparí, ó kọ gbólóhùn kan tó dùn mọ́ ọn nínú jù: "Nínú gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, àṣìṣe kan kò ti ọwọ́ rẹ̀ wá rí." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ máa ń bà á lẹ́rù. Ó rò pé ohun tí èèyàn bá fẹ́ kà sí etí ayé, ó yẹ kí ẹni tó ni ín kọ́kọ́ rí i. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́rú, ó mú ìwé náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀ aránṣọ.

Àǹtí gbé awò sójú. Ó ń fi ìka tọ ìlà lọ bó ṣe ń kà, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ka ìlànà àpótí. Níbi àkàbà, ó rẹ́rìn-ín. Níbi "Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi rèé," ó yọ awò, ó nu ojú, ó gbé awò padà. Lẹ́yìn náà, ìka rẹ̀ dúró. Jẹ́jẹ́ mọ ìdúró yẹn. Ó ti rí i lẹ́ẹ̀kan rí.

Ní ìsọ̀ iwájú, ẹ̀rọ ìránṣọ ń sáré, ó dúró, ó tún ń sáré.

"O kọ ọ́ dáadáa," ni Àǹtí wí. "Gbólóhùn kan ni kò tọ́."

Ó ṣí ilé awò ojú rẹ̀. Láti abẹ́ aṣọ tó fi ń nu awò, ó yọ ìwé pélébé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Àwọ̀ òféfèé rẹ̀ ti ṣí, ibi tí wọ́n ti ká a sì ti fẹ́ já. Ó fi sọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: "Mo dí i létí fún òní nìkan. Ọ̀la ni kí n ṣí i." Déètì abẹ́ rẹ̀ fi ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ tí inú run ìyá rẹ̀. Kò sí orúkọ lábẹ́ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ kò nílò orúkọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn lára ìwé tí Àǹtí máa ń lẹ̀ mọ́ wáyà, níbi tí ìrù lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti máa ń ká sókè bí ìwọ̀ ẹja.

Ó gbójú sókè. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó ti bèèrè lọ́dún méje sẹ́yìn.

"Èmi ni," ni Àǹtí wí. "Èmi ni mo dí i létí. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí wọ́ọ̀dù tuntun ni. Àpótí tuntun tí wọ́n gbé wá sókè kò tíì gbọ́ èdè tìsàlẹ̀, ó kàn ń ké lásán, ọ̀nà ń kú, ó ń jí, àwọn àlejò ńlá sì ti wà ní ẹnu ọ̀nà. Mo ní kí n pa á lẹ́nu mọ́ di ọ̀la. Ọ̀la dé, mo gbàgbé. Ọdún méjì ni mo fi ń kọjá níwájú iná yẹn, tí mò ń kí i pé ó ń tàn. Ìyá ẹ mọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo sọ fún un, ó ní kí n bá òun na búrẹ́dì, ká jẹun. Ìwọ nìkan ló kù. O bi mí, mi ò dá ẹ lóhùn, ó sì ń dùn mí ní gbogbo ìgbà tí káàdì ẹ bá dé. Ṣé o rí i, Jẹ́jẹ́, ọpẹ́ yẹn, mo fẹ́ gbà á. Ó pẹ́ tó ti ń wù mí. Ṣùgbọ́n kọ èyí síbẹ̀ ná, bó ṣe rí gan-an, kí o tó kà á fún wọn."